Iyọ̀ Ni Omi Ń Tẹ̀ Lé: Ètò Omi Ara àti Ìtọ́jú Ìgbẹ́ Gbuuru ní Agbègbè Akínyẹlé

Ní Ajíbọ́dẹ, lẹ́bàá Ìbàdàn, àti àwọn abúlé oko tó yí i ká, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn kan á ní kí wọ́n má fún un lómi mọ́, nítorí omi náà ló ń yà. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n ṣáà máa rọ omi sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ọmọ ló bí méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ara kì í fa omi ní tààrà: iyọ̀ ni ara ń fà, omi á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ dá omi padà sára ọmọ, àfi kó dá iyọ̀ padà pẹ̀lú.

Ọkùnrin tó wọn kílò 70 ní omi bíi lítà 42 lára. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí pòtásíọ̀mù pọ̀ sí. Ìyókù wà lóde sẹ́ẹ̀lì, níbi tí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, ti jọba. Sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà kúrò láàárín mílímóòlù 135 sí 145 nínú lítà kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi ìdá kan tàbí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ki sí i, ọpọlọ ti mọ̀: òùngbẹ á gbẹ èèyàn, họ́mọ̀nù kan á sì jáde láti ọpọlọ tí kò ní jẹ́ kí kíndìnrín da omi nù. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan ń rí iṣẹ́ họ́mọ̀nù yìí nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ bá kéré tó sì pọ́n. Nínú bíi lítà 180 tí kíndìnrín ń sẹ́ lójúmọ́, lítà kan sí méjì ló ń tọ̀ jáde. Bó bá wá jẹ́ pé omi àti iyọ̀ jọ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò ki ṣùgbọ́n tó dínkù, aldosterone, họ́mọ̀nù tó ń wá láti inú ẹṣẹ́ kékeré orí kíndìnrín, á mú kí kíndìnrín di sódíọ̀mù mú.

Ṣùgbọ́n ní ti ìgbẹ́ gbuuru, ìfun ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Lójúmọ́, omi bíi lítà 8 sí 9 ló ń wọ ìfun àgbàlagbà. Bíi méjì nínú rẹ̀ ló gba ẹnu wọlé. Itọ́, òróòro àti omi tí ara fúnra rẹ̀ ń sun ni ìyókù. Ìfun ń fa gbogbo rẹ̀ padà débi pé èyí tó ń bá ìgbẹ́ jáde kì í kún ife kékeré kan. Nítorí náà, omi ara ọmọ gan-an ló ń ṣàn lọ nígbà tó bá ń yàgbẹ́. A ò lè fi àìfún un lómi dá a dúró. Ní 1960, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Crane ṣàlàyé ní ìlú Prague bí ìfun ṣe ń fa iyọ̀: sódíọ̀mù àti glúkóòsì, irú ṣúgà kan, jọ ń gba ọ̀nà kan wọnú ara ìfun ni. Àrùn onígbáméjì, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í ba ọ̀nà yìí jẹ́, ìyẹn ló sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ní Dhaka ní 1968, dókítà David Nalin àti Richard Cash fi hàn pé aláìsàn onígbáméjì tó bá ń mu omi oníyọ̀ àti glúkóòsì kò nílò omi abẹ́rẹ́ púpọ̀ mọ́. Ní 1971, dókítà Dilip Mahalanabis lò ó ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Bangaon, ní Íńdíà. Ikú tó ti tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, kò tó mẹ́rin mọ́.

Nílẹ̀ wa Nàìjíríà, nígbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, òògùn yìí di ẹ̀kọ́ àwọn ìyá: ṣíbí kékeré iyọ̀ kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ṣúgà oníhóró márùn-ún tàbí ṣíbí mẹ́wàá, nínú ìgò bíà kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, ìyẹn mílílítà 600.

Àtakò àkọ́kọ́ sí omi yìí lágbára: ọmọ mu ún, kò dẹ́kun ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Omi yìí kì í dá ìgbẹ́ dúró. Òfò ara ló ń dí, nítorí òfò ni í pani. Síńkì ló ń dín ọjọ́ ìgbẹ́ kù: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, àti ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àtakò kejì dá lórí òṣùwọ̀n, ó sì wúwo lójú mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, á fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bó bá jẹ́ omi lásán ni, sódíọ̀mù á já wálẹ̀, omi á ya wọ ọpọlọ. Méjèèjì lè mú kí gìrì mú ọmọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ayé òde òní kò sì rí bíi ti ìgbà yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ jẹ́ oníke ti mílílítà 500 tàbí 600, ẹni tó bá sì lo méjì ti bomi la iyọ̀ náà jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ìyẹ̀fun iyọ̀ àti glúkóòsì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Èyí tí wọ́n kọ lítà kan sí lára, píọ̀ wọ́tà méjì oní-50cl ló tó o.

Àwọn kan á ní ògì àti omi àgbọn ti tó. Ìyẹ̀fun àgbàdo inú ògì ń di glúkóòsì nínú ìfun, nítorí náà ẹ̀kọ mímu tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí wúlò. Èyí tí kò níyọ̀ ni kò pé. Omi àgbọn ní pòtásíọ̀mù dáadáa, sódíọ̀mù rẹ̀ ni kò tó. Ibi tí agbára ohun mímu pin sí ni ìgbà tí a bá fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ sókè tí kò tètè padà, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, tí kò lè mu nǹkan mọ́. Omi abẹ́rẹ́ ló kàn. Láti Ajíbọ́dẹ dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣì lè gbé omi oníyọ̀ náà mì, ṣíbí kò gbọdọ̀ dúró nínú mọ́tò.