Sítáńpù Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ìtàn Lọ́kọ́ja àti Odò Ọya Gẹ́gẹ́ Bí Ohun-Èlò Ìkọ́ni

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú ìṣòro tí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ máa ń bá pàdé ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń kọ́ ìtàn bí ẹni ń há orúkọ àti ọdún sórí. Wọ́n á dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lọ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tilẹ̀ kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nígbà tí àwọn fúnra wọn wà ní kékeré, nítorí ìjọba àpapọ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú ètò-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìjọba ti pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ṣùgbọ́n dídá iṣẹ́ padà sínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí dídá a padà sọ́kàn ọmọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ ni pé ìṣàkójọ sítáńpù lórí kókó-ọ̀rọ̀ kan lè ran olùkọ́ lọ́wọ́, pàápàá ní agbègbè wa yìí. Mo lo Ganaja ní Lọ́kọ́ja gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọmọ Ganaja ń jí lẹ́bàá Odò Ọya lójoojúmọ́, ó sì ń kọjá ní ìlú tí ìtàn Nàìjíríà gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni ìlú rẹ̀ fi wọ inú ìtàn, a lè má rí ìdáhùn gbà.

Bébà kékeré tí olùkọ́ kan dábàá

Kí ọdún 1840 tó dé, ẹni tí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó náà sì ń pọ̀ sí i bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó. Tálákà ò lè gba lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Rowland Hill, ọkùnrin kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ ìfìwéránṣẹ́, kọ ìwé ìmọ̀ràn kan ní 1837. Ó ní kí owó lẹ́tà jẹ́ kọ́bọ̀ kan péré níbikíbi tó bá ń lọ láàárín ilẹ̀ náà, kí ẹni tó kọ ọ́ sì san án ṣáájú. Bébà kékeré tí a fi gọ́ọ̀mù sí lẹ́yìn ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti san án. Ní oṣù karùn-ún 1840 ni sítáńpù àkọ́kọ́ jáde, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó sì wà lójú rẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Èkó ni sítáńpù ti kọ́kọ́ jáde, ní oṣù kẹfà 1874. Orí Victoria kan náà ni. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Berne ní Switzerland láti dá ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀, èyí tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1961 lẹ́yìn tí a gba òmìnira.

Lọ́kọ́ja lórí àpò ìwé

Ìtàn Lọ́kọ́ja nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ ní 1886, òun ló ń ṣe ìjọba lórí odò. Ilé-iṣẹ́ náà ní ibi ìfìwéránṣẹ́ ní Akassa, Burutu, Abutshi àti Lọ́kọ́ja. Sítáńpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wo ojú irú sítáńpù bẹ́ẹ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí yóò sọ fún un pé Áfíríkà ni lẹ́tà náà ti wá. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú ni ó ń sọ̀rọ̀: orúkọ ìlú àti ọjọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò kọ́ nìyí, pé ẹ̀rí lè wà lára ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà sí ìdọ̀tí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n fa àsíá ilé-iṣẹ́ náà wálẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n sì fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Frederick Lugard ló kéde ìjọba tuntun tí wọ́n pè ní Northern Nigeria. Ọdún yẹn kan náà ni sítáńpù tí a kọ orúkọ yìí sí jáde. Victoria ni ó kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. Nígbà tó fi di 1902, Edward Keje ti gba ipò rẹ̀. Ní 1912, George Karùn-ún. Orí mẹ́ta láàárín ọdún méjìlá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tẹ Lọ́kọ́ja rí. Olùkọ́ lè bi kíláàsì léèrè pé: ta ni kò sí lórí sítáńpù wọ̀nyí? Ìdáhùn kò le: àwa ni. Atọ́kọ̀, apẹja, àgbẹ̀, alágbàáà àti àwọn ọmọ tó ń kàwé ní ilé-ìwé Holy Trinity ti Lọ́kọ́ja, tí a dá sílẹ̀ ní 1865, kò sí níbẹ̀.

Láti orí ọba dé àwòrán ilẹ̀ wa

Lẹ́yìn ìdàpọ̀ 1914, NIGERIA ni ó wà lórí sítáńpù, ṣùgbọ́n orí ọba ṣì ni àwòrán rẹ̀. Ọdún 1936 ni àwòrán ilẹ̀ wa wọlé pẹ̀lú tirẹ̀. Èbúté Apapa wà lórí ti ẹ́pìnnì, kòkó wà lórí ti kọ́bọ̀ kan, ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ Haúsá wà lórí ti sísì. Odò Ọya ní Jebba wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí ti pọ́n-ún kan, èyí tó wọ́n jù. Ẹ wò ó dáadáa: kòkó, tánganran, gẹdú, òwú, ọ̀pẹ. Ohun tí wọ́n ń kó lọ ni wọ́n yà. Ọmọ tí a bá kọ́ láti rí èyí ti mọ ohun tí ètò ọrọ̀-ajé amúnisìn jẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní 1953, èyí tí orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lórí rẹ̀ jáde. Afárá Jebba wà lórí ti tọ́rọ́, ère idẹ Ifẹ̀ sì wà lórí ti sísì. Èbúté Victoria wà lórí ti ṣílè méjì àti sísì. Èyí ni ó dára jù láti fi ru ọmọ sókè, nítorí kò sí ìlú kankan ní Nàìjíríà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Limbe ni wọ́n ń pè é, Kamẹrúùnù ni ó sì wà. Báwo ni ìlú Kamẹrúùnù ṣe dé orí sítáńpù wa? Nítorí pé àpá kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń darí láti Nàìjíríà, títí tí apá gúúsù rẹ̀ fi dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1961. Bébà kan péré ti mú wa dé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ bọ́ sórí ti tọ́rọ́ ní 1961. Láti 1965, àwọn ẹranko igbó tí Maurice Fievet yà gba ipò wọn: kìnnìún, erin, ẹkùn, odídẹrẹ́, erinmi. Sítáńpù jáde nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wa mọ́tò ní ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, ó jáde fún ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní 1976, ó sì jáde fún FESTAC.

Ìdí tí kókó-ọ̀rọ̀ fi yẹ ọmọdé

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí ènìyàn kó gbogbo sítáńpù orílẹ̀-èdè kan jọ láìku ọ̀kan. Olówó ni ìyẹn wà fún, nítorí ẹyọ kan tó bá ṣọ̀wọ́n lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí àwòrán ṣe ń pọ̀ lórí sítáńpù ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí yan kókó kan, bíi ẹyẹ, ọkọ̀ ojú irin, tàbí òdòdó. Ní 1949 ni àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀nà yìí, kò sí ohun tí a ń pè ní àìpé. Ọmọ tó ní mẹ́jọ ní àkójọ, ẹni tó ní ọgọ́rin náà ní in. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tó fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Ganaja yan «Odò». Yóò wá Jebba ti 1936 àti ti 1953, yóò wá ọkọ̀ ojú omi, yóò wá ẹja, afárá àti ìsun omi láti ilẹ̀ mìíràn. Ó ti wọ inú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò nìyẹn. Ní agbègbè tí ọmọ Oworo, Nupe, Haúsá, Ẹ̀bìrà, Ígálà àti Okun ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, olúkúlùkù yóò sọ orúkọ ohun tó wà nínú àwòrán ní èdè ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò nira. A ó gé igun àpò ìwé náà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí sítáńpù yóò fi yọ̀ kúrò fúnra rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ kí ó gbẹ. A kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Bí òǹtẹ̀ bá hàn dáadáa tí ìlú àti ọjọ́ ṣeé kà, kí a má gé e rárá. Odindi àpò ìwé náà ni kí a tọ́jú.

Ohun tó wà nínú ewu

Àwọn kan yóò ní lẹ́tà ti tán láyé, ta ló tún ń lo sítáńpù? Òótọ́ ni pé fóònù ti gba iṣẹ́ lẹ́tà. Ìdí tó fi yẹ kí a yára nìyẹn. Sítáńpù tó kù wà nínú àpótí àwọn àgbàlagbà, nínú fáìlì, nínú lẹ́tà àwọn ọmọ tó lọ sí òkè òkun ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní Ganaja, omi ń wá. Ìkún omi 2012 wọ ọ̀pọ̀ ilé, ti 2022 sì tún dé. Aga ṣeé rà padà, àwo ṣeé rà padà. Lẹ́tà tí omi bá wọ̀ kì í padà wá.

Ìtakò kejì lágbára ju èyí lọ: ohun tí ìjọba fẹ́ kí a rí ni sítáńpù ń fi hàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí èyí lé olùkọ́ sá, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìwé ìtàn tí a ń lò náà, ẹnì kan ló yan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń bèèrè lọ́wọ́ sítáńpù pé «ta ló yàn ọ́, ta ni ó fi sílẹ̀?» yóò bi ìwé léèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Àbá àti Àgbálọgbábọ̀

Mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹ̀ka Ìtàn àti ẹ̀ka èdè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe àkójọ kékeré kan lórí kókó kan kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Èkejì, kí a ya fọ́tò àwọn lẹ́tà àti sítáńpù tó wà nílé àwọn àgbà Lọ́kọ́ja, kí a sì dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Kí a má ṣe gbà wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, níbi tí ojúlówó bá ti wọ́n, kí olùkọ́ lo àwòrán tí a tẹ̀ jáde; ìbéèrè tí ọmọ yóò bi í kò yàtọ̀.

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àpótí wà lọ́wọ́ àgbà, ojú tó mú àti ìbéèrè tí kì í tán wà lọ́wọ́ ọmọdé. Iṣẹ́ tiwa ni láti mú àwọn méjèèjì jókòó papọ̀ kí omi tó tún dé.