Wifredo Lam àti Ìpàtẹ Àpapọ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Wifredo Lam (1902–1982) jẹ́ ayàwòrán ọmọ Kúbà. Sagua la Grande, ìlú tí oko ìrèké yí ká, ni wọ́n bí i sí. Enrique Lam-Yam, bàbá rẹ̀, ti Ṣáínà wá. Ana Serafina Castilla, ìyá rẹ̀, ní ẹ̀jẹ̀ Kóńgò àti ti Sípéènì lára. Mantonica Wilson, ìyá ìsàmì rẹ̀, sì jẹ́ olórìṣà tí àwọn ará ìlú máa ń wá ìwòsàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí Lam ti kú sí Paris ni àwọn ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti ń ṣe ìpàtẹ àpapọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Centre Pompidou ní Paris ṣí ọ̀kan ní 2015, èyí tí ó dé Reina Sofía ní Madrid àti Tate Modern ní London ní 2016. MoMA ní New York ṣí tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2025. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú ìpàtẹ báyìí sí ayẹyẹ, bí ẹni ń ṣe òkú àgbà, níbi tí oríkì ti pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ti Lam fi hàn pé iṣẹ́ ìpàtẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ: òun ni ó ń jẹ́ kí àwọn àwòrán jẹ́rìí pọ̀, kí orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ti fún ayàwòrán lè di ohun tí a tún gbé yẹ̀ wò.

Orúkọ tí wọ́n fún Lam ni ọmọlẹ́yìn Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì nì, àwòrán kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi mọ̀ ọ́n: La Jungla (Igbó Kìjikìji), tí ó yà láàárín 1942 sí 1943. Orí bébà ni ó yà á sí, wọ́n sì lẹ bébà náà mọ́ aṣọ. Ìdúró àti ìbú rẹ̀ lé ní mítà méjì. Àwọn ẹ̀dá tí ojú wọn dà bí ìbòjú, tí ojú òmíràn tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, fún ara wọn mọ́ àárín ìrèké. Ọ̀kan nínú wọn di àlùmọ́gàjí mú. MoMA rà á ní 1945, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ó fi wà ní gbọ̀ngàn àbáwọlé, nítòsí ibi tí àwọn àlejò ti ń fi kóòtù wọn pamọ́. Ní 1988, akéwì àti alámèyítọ́ John Yau kọ àròkọ kan láti fi bẹnu àtẹ́ lu ibi tí wọ́n gbé e sí yìí. Ẹ̀hónú rẹ̀ tọ̀nà. Àwòrán tó dá wà lẹ́nu ọ̀nà kò lè gbèjà ara rẹ̀: ẹni tó ń kọjá lọ rí ìbòjú, ó rántí Picasso, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún bá tò tẹ̀ léra wọn, ìtàn náà yí padà. Ní 1923 ni Lam lọ sí Madrid, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Sípéènì, níbi tí ó ti ń ya àwòrán ojú ènìyàn láti fi jẹun. Ní 1931, ikọ́ ife pa Eva, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọkùnrin wọn. Ó gbè sẹ́yìn ìjọba olómìnira nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà, ó sì ya La Guerra Civil sórí bébà ńlá ní 1937, ọdún kan ṣáájú kí ó tó bá Picasso pàdé ní Paris. Ní 1941 ó sá fún ogun Hitler, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marseille, ó pàdé akéwì Aimé Césaire ní Martinique, ó sì padà sí Kúbà. Níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lydia Cabrera ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀sìn àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti ìgbà náà ni orí kékeré roboto ti ń yọjú láti àwòrán dé àwòrán, tí ó ń rántí Ẹlẹ́gbára tí àwọn ará Kúbà ń fi orí sìmẹ́ńtì olójú owó ẹyọ ṣe àmì rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin olórí ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní Kúbà, bí ti ilẹ̀ wa, òrìṣà máa ń gun ẹlẹ́gùn rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin.

Ẹnìkan lè sọ pé gbèsè Picasso ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òótọ́ ni: Picasso gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì mú un mọ àwọn ènìyàn Paris. Ṣùgbọ́n La Guerra Civil fi hàn pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, àwọn àwòrán Kúbà sì fi ohun tí ó ṣe pẹ̀lú ẹ̀kọ́ náà hàn. Ìrèké inú La Jungla kì í hù nínú igbó kìjikìji. Oko ni wọ́n ti ń gbìn ín, ọwọ́ ẹrú ni ó sì ti ń gbìn ín ní Kúbà títí di 1886, ọdún mẹ́rìndínlógún péré kí wọ́n tó bí Lam. Ìbòjú tí Picasso rí nínú àkójọ àwọn ará Yúróòpù ti di ojú àwọn tí oko náà lò.

Ewu kejì wà lọ́dọ̀ àwa Yorùbá fúnra wa: kí a gba Lam lọ́wọ́ Picasso, kí a sì sọ ọ́ di tiwa pátápátá. Ìpàtẹ náà kò gbà fún wa. Wọn kò gba Lam wọlé gẹ́gẹ́ bí olórìṣà, àwòrán rẹ̀ kì í sì í ṣe ojúbọ. Lóòótọ́ ó ya pẹpẹ fún Yemọja ní 1944, ṣùgbọ́n Malembo, orúkọ tí ó fún àwòrán òrìṣà oríta rẹ̀ ní 1943, ọ̀nà Kóńgò ni ó tọ́ka sí. Ohun tí a lè fi gbogbo ẹnu sọ ni pé òrìṣà wà lára ohun tí ó fi ronú.

Àtakò tó le jù ni pé àwọn ilé ńlá tó fojú tín-ín-rín Lam ni wọ́n tún ń yìn ín báyìí, àti pé ẹni tó yan àwòrán ló ń darí ẹ̀rí. Kò sí ìpàtẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. MoMA gan-an tó fi La Jungla sẹ́nu ọ̀nà ló pe àlejò ní 2025. Síbẹ̀, àwòrán kan rọrùn láti fi orúkọ dì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, oríkì tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ni òṣùwọ̀n ìpàtẹ olóògbé. Ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n ni bóyá iṣẹ́ tí wọ́n pàtẹ pọ̀ tó, tí ó sì yàtọ̀ síra tó, kí olùwòran lè rí ibi tí yóò ti ta ko ẹni tó ṣètò rẹ̀.