bíréèkì másítà

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. A tún ń gbọ́ *másítà bíréèkì*, tàbí *másítà* nìkan lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì.

Ìtumọ̀: Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ń fi agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ ti bíréèkì ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ lè dúró.

Ìlò nínú gbólóhùn

1. Wọ́n ti pààrọ̀ bíréèkì másítà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì ń wọlẹ̀.
2. Másítà tòkunbọ̀ ni ó rà ní ọjà Ládípọ̀. Ó ti pẹ́ lórí àtẹ, rọ́bà inú rẹ̀ sì ti gan.
3. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ mú, kí n lè tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Àkíyèsí ìlò

(a) *Ìjánu* àti *bíréèkì*. Irin tí a fi ń kó ẹṣin níjàánu ni *ìjánu* ní ìpilẹ̀ṣẹ̀; láti ibẹ̀ ni a ti rí *ìkóra-ẹni-níjàánu*. Nínú ìwé, a lè fi pe gbogbo ètò tí ó ń dá ọkọ̀ dúró: *ìjánu ọkọ̀ náà já*. Ṣùgbọ́n láti Ìkẹjà dé Agége, kò sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí a ti máa gbọ́ «másítà ìjánu». Bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ni a ń túmọ̀, *bíréèkì* ni kí á lò fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan.

(b) *Já*, *wọlẹ̀*, *di mú*. *Bíréèkì já* kò fi dandan túmọ̀ sí pé nǹkan kan gé. Ó kàn ń sọ pé ọkọ̀ kọ̀, kò dúró. Ó tó fún ìròyìn, kò tó fún àtúnṣe. Bí a bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń *wọlẹ̀* díẹ̀díẹ̀, tí nǹkan kan kò sì jò síta, rọ́bà inú másítà ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí pẹ́dà bá gbéra lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù sínú páìpù. Bí bíréèkì bá *di táyà mú* tí ìdí táyà ń gbóná, bóyá ọ̀pá tí ó so pẹ́dà mọ́ másítà ti gùn jù, tàbí kí rọ́bà ti wú. Olùtumọ̀ tí ó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ *já* ti pa ìtọ́kasí mẹkáníìkì rẹ́.

(d) *Bíréèkì ọ́ìlì*. Ibí ni àṣìṣe ìtumọ̀ ti lè gba ẹ̀mí. Orúkọ lásán ni *ọ́ìlì* níbí. Nǹkan náà kì í ṣe epo rárá. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí a kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí ara ìgò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ka «fi ọ́ìlì kún un», tí ó sì da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sí i, rọ́bà inú másítà yóò wú, bíréèkì yóò di táyà mú, lẹ́yìn náà ó lè kọ̀ pátápátá. Bí a bá wá ra másítà tuntun láì fọ páìpù, láì sì pààrọ̀ rọ́bà ìdí táyà, èyí tí ó kù nínú páìpù yóò ba tuntun náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dá ọjà lẹ́bi nígbà tí ẹ̀bi wà nínú ìgò.

Má ṣe sá fún *ọ́ìlì* lọ sọ́dọ̀ *omi*: «omi bíréèkì» lè mú kí ẹlòmíràn bu omi sí i, omi a sì máa hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná. *Epo* àti *òróró* burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ *bíréèkì ọ́ìlì* ní kíkún nígbà gbogbo, má gé e kúrú, kí o sì fi nọ́ńbà DOT tì í. Àwọn Citroën àtijọ́ kan wà tí epo gan-an ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ohun tí a kọ sára ìdérí ọkọ̀ náà ni kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé.

Tún wo: *ìjánu*, *mẹkáníìkì*, *ọ́ìlì*, *tòkunbọ̀*.