Kolff, dókítà tó ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀

Bí a bá pa ewúrẹ́, a máa ń rí nǹkan méjì nínú rẹ̀ tó dà bí ẹ̀wà ńlá, lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Kíndìnrín nìyẹn. Àwa ènìyàn náà ní méjì. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ àti omi tó bá pọ̀ jù, wọ́n á sọ ọ́ di ìtọ̀, a ó sì tọ̀ ọ́ nù. Bí kíndìnrín méjèèjì bá kọṣẹ́, ìdọ̀tí á kún inú ẹ̀jẹ̀. Ara á wú, ẹ̀jẹ̀ á ru, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún ọkàn. Aláìsàn á máa bì, títí kò fi ní mọ ibi tó wà mọ́. Láyé àtijọ́, ikú ló kàn.

Ní ọdún 1938, dókítà kan tó jẹ́ ẹni ọdún 27 ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú Groningen, ní ilẹ̀ Họ́lándì, ilẹ̀ tí aṣọ Họ́lándì tí àwọn ìyá wa ń ró ti ń wá. Willem Kolff ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá fún un, ẹni ọdún 22, tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Kolff kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Òun ló sì ní láti sọ fún ìyá rẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ tálákà kan, pé ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kò ní yè. Ẹni tó bá ti jíṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni Kolff ti ń wá ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lóde ara.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan hàn án, tí wọ́n ń pè ní cellophane. Irú rẹ̀ ni àwọn alápatà ibẹ̀ ń ki ẹran lílọ̀ sí. Kolff bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi yúríà kún un, èyí tí í ṣe ìdọ̀tí inú ìtọ̀. Ó dì í, ó rì í sínú omi iyọ̀, ó sì ń mì ín. Kò pẹ́ tí yúríà fi jò sínú omi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dúró sínú awọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sẹ́ ògì, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín: ohun tó kéré kọjá, ohun tó tóbi kò lè kọjá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Họ́lándì. Wọ́n fi ẹni tiwọn ṣe ọ̀gá ní Groningen. Kolff kò fẹ́ bá a ṣiṣẹ́, ó kó lọ sí Kampen, ìlú kékeré kan. Ibẹ̀ ló ti kan ẹ̀rọ rẹ̀. Nǹkan ṣọ̀wọ́n nígbà ogun. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ṣe àgbá kan, ó wé awọ gígùn náà mọ́ ọn, àgbá sì ń yí nínú ọpọ́n omi iyọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe abọ́ ló bá a ṣe ọpọ́n náà. Ó tún kọ́ ọgbọ́n lára pọ́ǹpù omi ọkọ̀ Ford.

Ní oṣù kẹta ọdún 1943, ó lo ẹ̀rọ náà fún obìnrin kan, ẹni ọdún 29. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà ni wọ́n ń wá iṣan tuntun là. Nígbà tí kò sí iṣan tó dára mọ́, obìnrin náà kú. Àwọn bíi 15 tó kọ́kọ́ tọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kú. Nígbà tí mo ka ibí yìí fún kíláàsì mi, bàbá kan ní òun ì bá ti fi í sílẹ̀. Èmi náà ì bá ti fi í sílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, ogun ti parí. Wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 67 kan wá láti inú ẹ̀wọ̀n. Ó ti ṣe ti àwọn Jámánì nígbà ogun, àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kolff, tó ti fi ènìyàn pamọ́ fún àwọn Jámánì, kò béèrè ìyẹn. Ó fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí 11. Obìnrin náà la ojú. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni pé òun máa kọ ọkọ òun sílẹ̀! Ó sì kọ̀ ọ́. Ó lo ọdún púpọ̀ sí i láyé, àìsàn mìíràn ló pa á.

Kolff fi àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí London, Montreal àti New York lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1960, dókítà Scribner ní Amẹ́ríkà ṣe páìpù kékeré kan tí wọ́n lè fi sílẹ̀ lápá aláìsàn, kí wọ́n má baà máa wá iṣan tuntun mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kú pátápátá lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kolff fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ó sì ti yíjú sí ọkàn. Ní ọdún 1957, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ fi ọkàn àtọwọ́dá sínú ajá kan, ajá náà sì wà láàyè fún wákàtí kan ààbọ̀. Ní ọdún 1982, wọ́n fi èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Utah sínú ọkùnrin kan, ó gbé ọjọ́ 112. Kolff kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2009. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ẹni ọdún 98.