Ìsinmi Tí Kò Ní Òǹkà

Bí ìyá bá bu ẹran fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó fi ẹyọ méjì-méjì sínú abọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sí ọmọ tí yóò tijú láti jẹ méjì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí àárín, tí ó ní, "Ẹ mú iye tí ó bá wù yín," tí òun náà sì jókòó tí ó ń wò wọ́n, ọmọ wo ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́? Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa yóò mú èyí tí ó kéré jù, yóò ní òun ti yó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹran yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ líìfù ni mo fẹ́ bá yín sọ: ìsinmi ẹnu iṣẹ́ tí a ń san owó rẹ̀, àti irú rẹ̀ tuntun kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gbé dé, èyí tí wọn kì í ka ọjọ́ rẹ̀ rárá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọjọ́ ìsinmi ti ṣe di ohun tí a ń kà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Lancashire tí wọ́n ti ń fi òwú hun aṣọ, ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dọọdún tí gbogbo ilé-iṣẹ́ òwú ìlú kan yóò ti ìlẹ̀kùn pa. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ á dákẹ́, wọn á tún un ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ á sì wọ rélùwéè lọ sí etí òkun ní Blackpool. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ náà. Àjọ ni wọ́n fi ń dá. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti dé láti Blackpool ni wọ́n ti ń kó owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa lọ́jà ti ń fún alájọ, kí wọ́n lè kó o nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá tún pé. Ẹni tí kò bá dá àjọ, ebi ni yóò fi sinmi. Òfin tí Sir John Lubbock mú wá ní 1871, tí ó fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún àwọn báńkì láti tì, kò pàṣẹ pé kí a sanwó fún òṣìṣẹ́. Ó di ọdún 1938 kí òfin ìsinmi olówó tó dé ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń sọ.

Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀ràn náà ti gbóná jù. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ọdún 1936, lẹ́yìn tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú tí Léon Blum jẹ́ aṣáájú wọn wọlé ìbò, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Wọn kò lọ sílé. Inú ilé-iṣẹ́ gan-an ni wọ́n jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí ó fi di ogúnjọ́ oṣù kẹfà, òfin ti jáde: ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Léo Lagrange, tí ó ń bójú tó eré ìdárayá àti ìgbafẹ́ nínú ìjọba náà, jẹ́ kí a fi 40 nínú 100 dín owó rélùwéè kù fún wọn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò rí òkun rí ni ó rí i lẹ́yìn òfin yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta ní 1956, ó di mẹ́rin ní 1969, ó di márùn-ún ní 1982. Ẹ kíyè sí i pé iye ọjọ́ ni wọ́n jà fún. Wọn kò bẹ ọ̀gá pé kí ó ṣàánú àwọn.

Ní tiwa, àwọn òyìnbó tí ń bá ìjọba amúnisìn ṣiṣẹ́ ti mọ adùn líìfù tipẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 18 ní ilẹ̀ yìí, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, nítorí ìbẹ̀rù ibà. Fún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ ti 1974 fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lélẹ̀, ó kéré tán, fún ẹni tí ó bá ti lo oṣù 12. Ọjọ́ mẹ́fà kò tó nǹkan, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n a lè fi ìka tọ́ka sí i nínú ìwé.

Ó wá ku Amẹ́ríkà. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò fi dandan mú ilé-iṣẹ́ aládàáni láti fún ènìyàn ní líìfù olówó. Ohun tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá fẹnu kò sí ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ilé-iṣẹ́ Netflix ní òun kò ka ọjọ́ mọ́. Èrò Reed Hastings àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn kì í ka wákàtí tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ tí ó fi sinmi? Ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn olówó oṣù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń gba owó wákàtí kò sí nínú rẹ̀.

Ohun rere wà níbẹ̀. Ẹ ro ti ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Houston, tí ó ní láti wá sin ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Bí líìfù rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, tí ó sì ti lo mẹ́jọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kí ni yóò ṣe? Níbi tí wọn kì í ti í ka ọjọ́, yóò bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, yóò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní ìpínlẹ̀ California, ọjọ́ líìfù tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ fún, owó iṣẹ́ ni lójú òfin. Bí ó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ san án fún un. Níbi tí kò ti sí òǹkà, kí ni wọn yóò san? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Tribune Publishing, tí ó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn, kéde líìfù aláìlóǹkà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fárígá pé owó ọjọ́ tí àwọn ti kó jọ yóò wọmi, ilé-iṣẹ́ náà sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìtìjú tún wà, òun ni mo sì kà sí èyí tí ó le jù. Hastings fúnra rẹ̀ sọ pé bí ọ̀gá kò bá lọ sinmi kí gbogbo ènìyàn rí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò ní lọ. Nítorí náà ni òun ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún. Kickstarter náà kò ka ọjọ́ tẹ́lẹ̀. Ní 2015 ó padà sí òǹkà, ó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 25, kí ó lè yé wọn kedere iye tí wọ́n lè lò. Ẹ̀yin náà rí i pé ẹran ti padà sínú abọ́.

Bí ọmọ yín bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la, tí wọ́n ní kí ó lo iye ọjọ́ tí ó bá wù ú, ẹ má ṣe ní kí ó kọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè: ọjọ́ mélòó ni ọ̀gá tí òun yóò bá ṣiṣẹ́ lò lọ́dún tí ó kọjá?