Ìrẹsì, Ṣúgà àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Funfun Bíi Wàrà

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, apá tó pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á sì dúró sókè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wà tó jẹ́ pé omi òkè yẹn kì í mọ́ rárá. Ṣe ló máa ń funfun bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù. Àwọn dókítà ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nù láti fi wò ó sàn ti rí irú rẹ̀, ẹnu sì yà wọ́n. Ọ̀rá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ọ̀rá náà ti wá? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ tú wò nìyẹn, nítorí ìdáhùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa kò pé. “Ẹran ni,” “epo ni,” ni à ń wí. Bí dókítà bá sọ fún ẹnìkan pé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, kíá ni á búra pé òun ò jẹ ẹran mọ́. Á ra búrẹ́dì funfun, á po tíì tí ṣúgà rẹ̀ dùn yùngbà, á fi mínírà tútù lé e, á ní òun ti di ẹni tí ń jẹ oúnjẹ ewéko. Bó bá padà lọ ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n bá a pé ó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, á ní ayé ló ń ṣe òun. Ayé kọ́ o. Ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fa irú èyí, dókítà kan tó ń fi ìrẹsì wo aláìsàn sì wà lára ìtàn náà.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Triglyceride lorúkọ ọ̀rá yìí. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú cholesterol, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Òun ni ọ̀rá tó wà nínú òróró, nínú bọ́tà, àti nínú ikùn tó yọ síwájú bí agbè. Ara nílò rẹ̀ bí mọ́tò ṣe nílò epo. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà dé. Lára ẹni tí kò jẹun mọ́jú, ó yẹ kó wà lábẹ́ 150 míligíráàmù nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá ti tó 200, ó ti ga. Bó bá di 500 sókè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn nìkan mọ́: ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pancreas, tó lè tìtorí rẹ̀ wú, kó sì máa jẹ ara rẹ̀. Irú ìyẹn lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Wàyí o, ẹ bá mi kálọ sí ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ní 1934 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Walter Kempner dé síbẹ̀ láti Jámánì. Ìlú Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1903. Ọmọ ilé ìwé pátápátá ni: onímọ̀ kòkòrò àrùn ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bá gbajúmọ̀ nì, Robert Koch, ṣiṣẹ́. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ilẹ̀ náà kò gba irú ìdílé wọn mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ Júù tó wà lára wọn. Yunifásítì Duke tó wà ní Durham ló gbà á sílé.

Kíndìnrín ni Kempner ń kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí. Nígbà yẹn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tó le bá kọlù, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lọ, ọjọ́ ikú ló kù tó ń kà. Kò sí oògùn kankan tó ká a. Ẹ má sọ pé tálákà nìkan ló ń jìyà rẹ̀ o. Ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Franklin Roosevelt, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣẹ́pá rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1945, pẹ̀lú gbogbo dókítà tó yí i ká.

Èrò Kempner ni pé bí a bá dín iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe kù, ó lè ráyè sinmi. Nítorí náà, ó wá oúnjẹ tí iyọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀, tí èròjà amúaradàgbà rẹ̀ kéré, tí ọ̀rá rẹ̀ sì kéré jọjọ. Kí ló bá kù? Ìrẹsì tí wọ́n fi omi lásán sè, èso, omi èso àti ṣúgà, pẹ̀lú fítámì díẹ̀. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí òróró. Gbogbo ọ̀rá tó wà nínú oúnjẹ ọjọ́ kan kò tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan òróró.

Ó rò pé ènìyàn kò lè fara da irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1942, ó fi í wo obìnrin kan, ẹni ọdún 33, tí àìsàn kíndìnrín ti dá dúbúlẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Ó ní kó lọ jẹ ìrẹsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà wá. Gẹ̀ẹ́sì Kempner kò já gaara, ohùn Jámánì pọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin yìí ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ó ṣe oṣù méjì. Nígbà tó fi máa padà dé, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń sun nínú ojú rẹ̀ ti gbẹ, ọkàn rẹ̀ tó ti wú sì ti ń fà padà. Àṣìgbọ́ ló fi han Kempner pé ara lè gbà á, àti pé àǹfààní rẹ̀ ju bí òun ti rò lọ.

Nígbà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní Chicago ní 1944, àwọn kan kò gbà á gbọ́. Fọ́tò ọkàn àti ojú àwọn aláìsàn rẹ̀, ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀, yàtọ̀ síra ju bí wọ́n ti lérò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kò dúró de ìjíròrò. Wọ́n ń rọ́ wá sí Durham láti ibi gbogbo, wọ́n ń gbé nílé àwọn ará ìlú, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Nígbà tó yá, àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní 1975, Kempner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn nípa àwọn 106 tó jẹ́ pé olúkúlùkù wọn fọn tó kílò 45, ó kéré tán. Ká má fi òótọ́ pamọ́, ọwọ́ ọkùnrin náà le. Nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n pè é lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ti na àwọn aláìsàn kan rí. Ìyẹn kì í ṣe ìṣègùn, bó ti wù kí oúnjẹ náà dára tó. Ní 1997 ló kú, lẹ́ni ọdún 94.

Ẹ̀yin náà á ti máa rò ó pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn: ká pa ẹran tì, ká pa epo tì, ẹ̀jẹ̀ á mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ di ojú ọ̀rọ̀.

Ní 1959, obìnrin méjì ní Yunifásítì Yale, Margaret Albrink àti Evelyn Man, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn ọkàn. Cholesterol ni gbogbo ayé ń pariwo nígbà náà. Àwọn rí i pé triglyceride tó ga wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí ju cholesterol tó ga lọ. Kí ló wá ń gbé triglyceride sókè?

Edward Ahrens, dókítà kan ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, ló já ọ̀rọ̀ náà. Ó gba àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń funfun sí ọsíbítù, ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ olómi tí wọ́n fi ìwọ̀n pò: èròjà amúaradàgbà inú wàrà, ṣúgà àti òróró. Ó lè dín òróró kù kó fi ṣúgà dípò rẹ̀, tàbí kó yí i padà, láìjẹ́ kí aláìsàn sanra tàbí kó rù. Ohun tó gbé jáde ní 1961 ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, oúnjẹ olóròóró kọ́ ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di wàrà. Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ afáralókun púpọ̀, tí òróró sì kéré, ni ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń funfun. Bó bá dá òróró padà, tó dín ṣúgà kù, ẹ̀jẹ̀ á mọ́. Àwọn tí ọ̀rá inú oúnjẹ ń bà lẹ́jẹ̀ jẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ni alágbàṣe ibẹ̀. Bí ṣúgà àti oúnjẹ afáralókun bá wọlé ju èyí tí ara fẹ́ ná lọ, ẹ̀dọ̀ á gbà á, á sọ ọ́ di ọ̀rá, á dì í ní ẹrù kéékèèké, á sì tì í sójú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ọtí náà nìyẹn. Ọ̀rá tí kò gba ẹnu wọlé ti dé inú ẹ̀jẹ̀ báyìí.

Àbí irọ́ wá ni ti Kempner? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ló ń wò, kì í ṣe triglyceride. Ẹni tó bá sì fọn kílò 45, ara rẹ̀ ń ná gbogbo ohun tó ń jẹ, ó tún ń ná èyí tó ti kó pamọ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò rí àjẹkù tó máa sọ di ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọn, tó kàn fi ṣúgà dípò ẹran, ti Ahrens ló máa bá a.

Ní 1967, Donald Fredrickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda pín àwọn tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn ga sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ẹni tó wà ní ìsọ̀rí kìíní, ọ̀rá tó bá jẹ lẹ́nu ni kì í tán lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà ní ìsọ̀rí kẹrin, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń pọ̀ jù. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àìsàn méjèèjì níta, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó máa gba ọ̀kan là lè tì èkejì sí kòtò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti jáde. Hugh Trowell àti Denis Burkitt, dókítà méjì láti òkè òkun, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ùgáńdà. Afáralókun ló kún inú àwo àwọn ará ibẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí àìsàn ọkàn ti ilẹ̀ aláwọ̀ funfun láàárín wọn. Nínú ìwé tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1975, ọ̀rọ̀ wọn ni pé afáralókun kọ́ ló burú bí kò ṣe èyí tí ẹ̀rọ ti bó lára tán: ìyẹ̀fun funfun àti ṣúgà. Fáíbà, ìyẹn apá líle ara ewéko tí inú kì í lè dà tán, ni ẹ̀rọ ń bó sọnù. Ní Kentucky, James Anderson mú èrò yìí wọ ọsíbítù ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó fún àwọn onítọ̀ ṣúgà ní oúnjẹ tí afáralókun pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ ló fi ṣe é. Triglyceride wọn kò ga bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan kó ìdánwò 11 lórí oúnjẹ aláìlẹ́ran jọ, wọ́n ṣe ìṣirò wọn pọ̀. Cholesterol àwọn tó jẹ ẹ́ wálẹ̀. Èrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n triglyceride kò yí padà tó ohun tí à ń fọwọ́ sọ̀yà sí. Ẹni tó bá ti bá ìtàn yìí bọ̀ láti òkè á mọ ìdí rẹ̀: “Mi ò jẹ ẹran” kò tíì sọ ohun tí ènìyàn ń jẹ fún wa. Ẹ̀wà kì í jẹ ẹran, mínírà náà kì í jẹ ẹran.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ ewéko rọ triglyceride rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí lòun fẹ́ fi dípò ẹran. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, ewédú, ẹ̀pà díẹ̀ àti ọsàn tó fi ẹyín jẹ dípò omi ọsàn inú páálí, ó wà lójú ọ̀nà. Kí òkèlè kéré sí ọbẹ̀. Kó fi ṣúgà àti ọtí sílẹ̀. Bó bá sanra, kó fọn díẹ̀, kó sì máa rìn. Bí iye rẹ̀ bá ti wọ 500, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ lónìí, kó má sì fi ìwé ìròyìn dípò oògùn.

Obìnrin Durham yẹn ṣi ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́, ó sì yè. Kì í ṣe gbogbo àṣìgbọ́ ló máa ń yọrí sí rere. Bí wọ́n bá ní ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹ bi wọ́n léèrè pé èwo ni nínú rẹ̀, iye wo ló jẹ́, kí ló sì ń gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó pinnu ohun tó máa kúrò nínú àwo.