Odi, Yàrà àti Bodè: Ohun Tí Ó Kù Lára Àwọn Ìlú Àtijọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ odi ìlú ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí. Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí nígbà tí a bá dé orí ìtàn ìlú àtijọ́ ni ó fà á: ṣé àwa Yorùbá náà ní irú ìlú olódi àti ààfin ńlá tí wọ́n ń rí nínú fíìmù àwọn òyìnbó? Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lóhùn kí ó tó la ẹnu. Ó ti gbà pé a kò ní. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò láàyè ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì kọjá kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Láàárín àkókò náà, àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni a ń fi oríkì ìlú àti ìtàn ìwáṣẹ̀ dí àlàfo náà, bí agbára wa ti mọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òkèèrè. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, létí odò Aude, ni ìlú Carcassonne wà. Odi òkúta méjì ni ó yí i ká, ilé ìṣọ́ tí ó wà lára odi náà sì lé ní àádọ́ta. Ogun kó o ní 1209. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1849, ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n wó odi náà, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú yarí. Láti 1853 ni Eugène Viollet-le-Duc, ayàwòrán-ilé, ti bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Ní 1997, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Púpọ̀ nínú ohun tí àlejò ń ya ní fọ́tò níbẹ̀ lónìí ni ó jẹ́ àtúnṣe ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn kí ó tó máa fi amọ̀ wa wé òkúta wọn.

Amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi mọ odi tiwọn, iṣẹ́ kan náà ni odi àti yàrà sì jẹ́. Bí wọ́n bá ti ń gbẹ́ yàrà ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá inú, tí wọ́n ń pò ó, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Bí ìpele kan kò bá gbẹ, wọn kì í gbé òmíràn lé e. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà kí ó tó máa wá bí yóò ti gun odi, ní ojú àwọn tí wọ́n ń dúró dè é lókè. Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé àwọn ìlú mìíràn tún ní odi kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní odi amọlà. Oko wà láàárín odi méjèèjì, kí ebi má baà lé ará ìlú jáde nígbà tí ogun bá dó tì wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni igbó ilé, igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣá. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ jìnnìjìnnì ni! Ẹni tí ó bá rò pé ògiri lásán ni odi kò tíì ronú kan oúnjẹ.

Ìlú tí ó lókìkí jù lọ nínú àwọn ìlú olódi wa ni Ọ̀yọ́-Ilé. Ahoro rẹ̀ wà ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní apá Ìgbẹ́tì, nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ sọ ní Old Oyo National Park ní 1991. Ilẹ̀ ọgbà náà tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, odò Ògùn sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó forí lé Abẹ́òkúta àti ọ̀sà Èkó. Nígbà tí Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, ìlú ṣì wà ní ìdúró. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ ìlú náà ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, pé yàrà gbígbẹ yí i ká, àti pé ó ní ẹnubodè mẹ́wàá. Ó ní ilé ọba àti ti àwọn ayaba nìkan gba nǹkan bí máìlì kan níbùú lóròó. Ó rí àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ àwòrán jagunjagun àti ti erè tí ó ń pa ẹranko sí lára. Ẹ tún rántí kọ̀bì, ìyẹn àwọn òrùlé tí ó yọ síwájú lára ààfin, tí a fi ń mọ ilé ọba yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Bí èyí kì í bá ṣe ilé olódi, kí ni a ó pè é?

Lónìí, amọ̀ náà ti wó di òkìtì gẹ̀rẹ̀jẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló ń kà á fún wa: Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, Robert Soper àti Patrick Darling sì wá wọn odi náà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ìwádìí wọn sì jáde ní 1980. Àfọ́kù ìkòkò pọ̀ nílẹ̀, àpáta tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ṣì ní ojú ihò tí ọwọ́ wọn gbẹ́ sí i, igi osè sì dúró níbi tí agbo ilé ti kúrò.

Kí Clapperton tó débẹ̀ rárá, ìlú náà ti ṣófo rí. Ogun Tápà lé Aláàfin kúrò ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí Ìgbòho. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó wọn padà, àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ilé àti oko wọn ti fìdí múlẹ̀ ní Ìgbòho. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti gbọ́ ọ, wọ́n rán abuké, àfín, arọ àti àwọn mìíràn lọ ṣáájú sí orí òkè Ọ̀yọ́-Ilé, pé bí ìránṣẹ́ ọba bá dé láti wá bọ ilẹ̀, kí wọ́n máa ké lóru bí iwin pé kò sí àyè. Ẹ̀rù ba ìránṣẹ́, wọ́n sá padà. Ṣùgbọ́n ọba gbọ́ finrin, ó sì rán àwọn ọdẹ lọ mú gbogbo àwọn iwin náà wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba M'ọ́rọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohùn tí a bá gbọ́ nínú ahoro ni ohùn àwọn òkú ọ̀run.

Odi kò sì gba Ọ̀yọ́-Ilé là nígbẹ̀yìn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin ni ó la ògiri náà lẹ́nu. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Olúewu lójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ní nǹkan bí 1835 sí 1836, ìlú tú pátápátá, Àtìbà sì fi Àgọ́-Ọ̀jà ṣe Ọ̀yọ́ tuntun. Ìbàdàn tiwa ti di ibùdó ogun láti nǹkan bí 1829, àwọn asásálà Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ìlú. Olúyọ̀lé Baṣọ̀run jẹ́ ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn ènìyàn yìí mọ odi mímọ láti ilé wọn wá. Ìdí nìyí tí Ìbàdàn fi ní odi tirẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Balógun Ìbíkúnlé pè. Àwọn àdúgbò bíi Bódìjà, Agbowó àti Challenge kò sí nígbà náà. Oko àti igbó ni wọ́n.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni ẹni tí ó wà ní Challenge lè gbà bí ó bá fẹ́ rí èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn. Ẹrẹ́dò Sùńgbọ́ ni mò ń wí. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ní àwọn ibì kan sì rèé, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó òkìtì tó 20 mítà. Ẹni tí ó bá dúró nínú rẹ̀ yóò rò pé àfonífojì tí odò gbẹ́ ni òun wà, pẹ̀lú igi tí ó ta ìbòjì lórí àti ewédò lára ògiri. Ọkọ́ àti agbára ọwọ́ ni ó gbẹ́ ẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Bílíkísù Sùńgbọ́, opó olówó tí kò bímọ, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun, àwọn ènìyàn sì ń ṣe àbẹ̀wò sí ojúbọ rẹ̀ ní Òkè-Èrí. Àwọn kan tún sọ pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà. Ìwádìí Gérard Chouin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sí àárín nǹkan bí 1370 sí 1420, èyí tí ó jìnnà sí ìgbà Sólómọ́nì ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín èwo ni òtítọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìtàn kọ̀ọ̀kan wà fún. Ọ̀kan ń sọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Èkejì ń sọ ìdí tí àwọn Ìjẹ̀bú kò fi jẹ́ kí orúkọ obìnrin kan ṣègbé.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé odi ṣì wà lẹ́nu wa. Níbi ẹnubodè ni oníbodè ti ń gba owó bodè lọ́wọ́ oníṣòwò, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní aṣọ́bodè títí di òní. Níbi tí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, ti wọ Ìbàdàn náà, ìjọba kọ́ bodè tirẹ̀. Láti 2004 ni wọn kò ti gba owó níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ bí ẹ bá ní kí awakọ̀ já yín sí Tóògéètì, yóò já yín síbẹ̀.

Láti 1995 ni orúkọ Ẹrẹ́dò ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Láàárín ìgbà náà, ọ̀nà ọkọ̀ ti la òkìtì náà kọjá níbi púpọ̀, ẹlòmíràn ń dáko lórí rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń wa erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kọ́lé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ, kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó bá àwọn àgbà abúlé tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó sì mú okùn gígùn dání kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn wọn jíjìn yàrà náà.